Hóró ẹ́ńsáìmù mi ń rọ̀, ọ̀nà sì ń dí: ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo há lactase (ẹ́ńsáìmù tó ń gé lactose, ṣúgà inú wàrà, sí glucose àti galactose) sínú hóró calcium alginate (gẹ́lì láti ara ewéko òkun, tí calcium mú dì), mo kó wọn sínú rọ́bà tín-ín-rín tí ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 3, mo wá ń fi sírínjì ti omi lactose gba inú rẹ̀ kọjá. Glucose máa ń jáde dáadáa níbẹ̀rẹ̀. Tó bá ṣe díẹ̀, àwọn hóró á wú, wọ́n á rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, sírínjì ò ní ṣeé tì mọ́. Bọ́fà phosphate (omi tí kì í jẹ́ kí pH yí padà) ni mò ń lò. Ara ń fu mí pé òun ló ń fa calcium kúrò lára alginate. Ṣé kí n lo Tris, bọ́fà mìíràn, dípò rẹ̀, kí n sì bu calcium chloride díẹ̀ sí i? Àbí kí n lo glutaraldehyde, kẹ́míkà tó ń so èròjà pọ̀ kó lè le? Ìyẹn ń bà mí lẹ́rù, kó má lọ pa ẹ́ńsáìmù ọ̀hún. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ìwọ̀n wo lẹ lò?