Ṣé lóòótọ́ ni pé Hakeem Olajuwon ò tètè mọ básíkẹ́ẹ̀tì?

Ọmọ Èkó: Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ó ti dàgbà díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, ṣóòótọ́ ni?

Déọlá: Òótọ́ ni o, gólì ló ń ṣọ́ l'Ékòó níbí, ó tún ń gbá handball, ó tó ọmọ ọdún 15 kó tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì, gólì tó ń ṣọ́ yẹn ló jẹ́ kẹ́sẹ̀ ẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀, èèyàn gíga tó ń yí bí òkòtó!

Bọ̀dá Wálé: Òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nígbà táwọn ẹgbẹ́ NBA, ìyẹn líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, ń yan àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun ní 1984, Michael Jordan gan-an ṣe ìkẹta. Ó gba ife ẹ̀yẹ NBA fún ẹgbẹ́ ẹ̀, Houston Rockets, ní 1994 àti 1995.

Ìyá Mọ́rí: Ààwẹ̀ Ramadan ẹ̀ ló wú mi lórí jù. Ó gbààwẹ̀ ní February 1995, òun náà ni wọ́n tún fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù lóṣù yẹn.