Ìmọ̀ràn lórí ìpààrọ̀ sprocket ọ̀kadà fún ẹrù wúwo àti òkè gíga

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Ìkòyí (Ògbómọ̀ṣọ́):

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọ̀kadà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 150cc ni mo fi ń kó ẹrù láti oko wa ní ọ̀nà Ìkòyí-Ilé wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, àpò gààrí méjì ni mo sì sábà máa ń dì sẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí ó ti ń yọ mí lẹ́nu ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò kan tí ó wà létí abúlé wa. Bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ tán tí mo fẹ́ gun òkè odìkejì, jíà kìíní ni mo máa ń fi sí, síbẹ̀ ọ̀kadà náà a máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, n ó sì ní láti di kílọ́ọ̀ṣì mú díẹ̀díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì má baà kú mọ́ mi lábẹ́. Ẹnì kan sọ fún mi ní Tàkíé pé kí n yọ sprocket iwájú (irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé lórí), kí n fi èyí tí eyín rẹ̀ fi ẹyọ kan dín rọ́pò rẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí n má fọwọ́ kan ti iwájú rárá, pé ti ẹ̀yìn ni kí n sọ di ńlá. Mo ti ka eyín àwọn méjèèjì: 14 ni ti iwájú, 42 ni ti ẹ̀yìn. N kò wá eré àsápajúdé. Agbára tí yóò fi fa ẹrù nígbà tí ó bá ń rìn jẹ́jẹ́ ni mo ń wá. Èwo ni ẹ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ṣe?

Mẹkáníìkì Arówómọlẹ̀:

Ọmọ Ajílété, ẹ kú oko o. Kí a tó dé orí sprocket, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: ṣé ọ̀kadà yín ti ń ṣe báyìí láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á ni, àbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni? Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń gbé ọ̀kadà wá sọ́dọ̀ mi pé kí n bá wọn pààrọ̀ sprocket nítorí òkè, kílọ́ọ̀ṣì wọn ni ó ti jó tán. Ẹ gùn ún lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ wọ jíà tí ó ga jù, kí ẹ wá fún un níná lójijì. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá lọ sókè tí eré kò sì bá a lọ, kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀ nìyẹn, kò sì sí sprocket tí ó lè wo àìsàn yẹn sàn. Ẹ gbé e sórí sítáǹdì ńlá pẹ̀lú, kí ẹ fi jíà sí òfo, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn. Bí kò bá yí fàlàlà, ó lè jẹ́ bíréèkì ni ó ń di táyà mú, a jẹ́ pé ẹ ń gbé ẹrù kẹta tí ẹ kò mọ̀ kún àpò gààrí méjì. Ẹ tú fíltà afẹ́fẹ́ wò, nítorí pé eruku pupa ojú ọ̀nà oko kì í fi í sílẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́.

Bí gbogbo èyí bá dára tán tí òkè náà ṣì ń dà yín láàmú, 13 níwájú ni èmi yóò kọ́kọ́ fi dán an wò.

Olùkọ́ Físíìsì:

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò díẹ̀ kún ohun tí mẹkáníìkì wa sọ. Bí a bá fi 14 pín 42, a ó rí 3. Ìyẹn ni pé sprocket iwájú ní láti yí lẹ́ẹ̀mẹta kí táyà ẹ̀yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ti iwájú bá di 13, iye náà yóò di 3.23. Bí ẹ bá fi 14 sílẹ̀ níwájú tí ẹ sì sọ ti ẹ̀yìn di 45, 3.21 ni yóò jẹ́. Eyín kan tí a yọ níwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú eyín mẹ́ta tí a fi kún ti ẹ̀yìn. Ọ̀nà yòówù tí ẹ bá gbà nínú méjèèjì, ipá tí táyà fi ń ti ilẹ̀ yóò fi nǹkan bí 7 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i ní gbogbo jíà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ẹ́ńjìnnì ti gba agbára tuntun. Eré ni a fi ra ipá náà: bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí bí ó ti ń yí nígbà tí ẹ ń sá kìlómítà 60 láàárín wákàtí kan, nǹkan bí 56 ni ẹ ó máa sá nísinsìnyí.

Ìyàtọ̀ kan wà láàárín ọ̀nà méjèèjì tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ. Bí sprocket iwájú bá kéré sí i, ìfà tí ó ń bọ́ sára ṣéènì fúnra rẹ̀ a pọ̀ sí i, nítorí pé ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fà á ti sún mọ́ àárín irin tí ó ń yí. Bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀yìn ni a sọ di ńlá, ìfà ara ṣéènì kò yí padà. Apá tí ó fi ń yí táyà ni ó gùn sí i, bí ìgbà tí ènìyàn bá ki páìpù bọ ìdí sùpánà kí ó lè tú nọ́ọ̀tì tí ó le. Yàtọ̀ sí ìyẹn, lórí eyín 14, ìwọ̀n dígírì 25.7 ni ìsopọ̀ ṣéènì kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀; lórí 13, ó di 27.7. Títẹ̀ yìí ni ó ń jẹ ṣéènì. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ tèmi, 45 lẹ́yìn ni n ó rà, n ó sì fi 14 sílẹ̀ níwájú.

Ọlọ́kadà Akẹ̀sán (Ọ̀yọ́):

Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ dín ti iwájú kù, kí ó fi mọ sórí eyín kan. Ní tèmi, mo bá 14 níwájú, mo sì fò ó sí 12, nítorí pé mo rò pé bí ẹyọ kan bá dára, méjì yóò dára jù. Ó gun òkè lóòótọ́. Àmọ́ jíà kìíní kò wúlò fún mi mọ́. Kí n tó gbéra tán ni ó ti ń bẹ̀ mí pé kí n lọ sí kejì. Nígbà tí mo sì gbé e dé ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, ariwo ẹ́ńjìnnì náà pọ̀ débi pé èrò ẹ̀yìn mi bi mí bóyá nǹkan ti já. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ṣéènì ti ń ha rọ́bà tí ó wà lórí apá ẹ̀yìn ọ̀kadà, nítorí pé sprocket náà ti kéré jù. Mo dá a padà sí 13, ibẹ̀ ni mo sì wà títí di òní. Epo tí ó ń jẹ láàárín ìlú kò yàtọ̀ lójú mi. Ojú ọ̀nà gbọọrọ ni ó ti ń jẹ ẹ́ sí i.

Ìyá Alágbàdo Wàsò:

Ọmọ mi, ṣé o ò lè di àpò kan ààbọ̀? Ìyẹn kò gba sùpánà.

Mẹkáníìkì Arówómọlẹ̀:

Ìyá, ẹ ṣeun o, òótọ́ pátápátá ni ẹ sọ.

Olùkọ́, n kò rí àléébù kankan nínú ìṣirò yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ro ti owó àti ti wàhálà. Sprocket iwájú kéré, owó rẹ̀ kò tó ti ẹ̀yìn, a sì lè dá a padà kí oòrùn tó yí bí kò bá tẹ́ni lọ́rùn. Bí a bá fi 13 síbẹ̀, nǹkan bíi mìlímítà 3 péré ni a ó fa táyà sẹ́yìn kí ṣéènì tó gún. Bí ó bá jẹ́ 45 lẹ́yìn ni, a ní láti ti táyà síwájú tó mìlímítà 9 sí 10, ọ̀pọ̀ ọ̀kadà ni kò sì ní àyè yẹn mọ́, a jẹ́ pé ṣéènì tí ó gùn sí i ni ẹ ó rà. Èyí tí ó tún yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé sprocket tuntun àti ṣéènì tí ó ti nà kì í bá ara wọn gbé. Ṣéènì náà yóò jẹ eyín tuntun yẹn títí yóò fi dà bí eyín ẹja ńlá. Ẹ di ṣéènì mú níbi ìpẹ̀kun sprocket ẹ̀yìn, kí ẹ fà á síta. Bí ẹ bá lè rí ààbọ̀ eyín lábẹ́ rẹ̀, ó ti parí iṣẹ́. Ẹ ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀ nígbà náà, kí ẹ sì tẹ̀lé ti olùkọ́, kí ẹ mú 14 àti 45 pẹ̀lú ṣéènì tí ó bá wọn mu. Bí kò bá tíì nà, ẹ fi 13 dán an wò.

Ẹ mú sprocket àtijọ́ yín lọ sí ọjà, ẹ má fi ẹnu júwe rẹ̀, nítorí pé ihò àárín rẹ̀ àti sísanra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà láti ọ̀kadà kan sí òmíràn. Kí ẹnì kan tẹ bíréèkì ẹ̀yìn kí ẹ tó tú bóòtì rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa yí tẹ̀lé yín. Bí ẹ bá ń dá kílíìpù ṣéènì padà, ojú rẹ̀ tí ó dí ni kí ó kọ síbi tí ṣéènì ń sáré lọ, kí ojú rẹ̀ tí ó là wà lẹ́yìn. Ẹ wá máa yí táyà, kí ẹ wá ibi tí ṣéènì ti le jù, níbẹ̀ ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n: ó yẹ kí ó lè lọ sókè sódò ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3. Ẹni tí ó ń gbé ẹrù wúwo bí i tiyín kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó gún ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé bí ẹrù bá ti tẹ ẹ̀yìn sísàlẹ̀ ni ṣéènì tún ń gún sí i, bẹ́ríìnì ni yóò sì san gbèsè náà.

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Ìkòyí (Ògbómọ̀ṣọ́):

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo tẹ̀lé ìmọ̀ràn mẹkáníìkì ní ẹsẹẹsẹ. Kílọ́ọ̀ṣì kò yọ̀, ṣùgbọ́n bíréèkì ẹ̀yìn ń di táyà mú lóòótọ́, fíltà sì ti di amọ̀. Nígbà tí mo tún àwọn méjèèjì ṣe, ó sàn díẹ̀, àmọ́ kò tíì tó. Mo fa ṣéènì wò, kò fi eyín hàn tó ààbọ̀, ni mo bá ra 13. Lánàá, mo gun òkè odò náà pẹ̀lú àpò méjì láìdi kílọ́ọ̀ṣì mú, ọ̀kadà náà sì ń lọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí ó jẹun yó. Mo tún ṣàkíyèsí pé bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ tí mo sì tú iná sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń fà mí sẹ́yìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn. Kìkì pé mo ń tètè pààrọ̀ jíà. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé iye tí aago eré ń sọ fún mi ṣì jẹ́ òótọ́?

Olùkọ́ Físíìsì:

Bí wáyà aago náà bá ti táyà iwájú wá, bí ó ti rí lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré, kò sí ohun tí ó yí padà. Bí ó bá jẹ́ láti inú àpótí jíà ni ó ti ń ka eré, yóò máa sọ iye tí ó ju eré yín gan-an lọ, ní nǹkan bí 8 nínú ọgọ́rùn-ún.

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Ìkòyí (Ògbómọ̀ṣọ́):

Táyà iwájú ni tèmi ti wá. Ẹ ṣeun, olùkọ́. Bí ṣéènì yìí bá gbó, 14 àti 45 ni n ó rà.

Mẹkáníìkì Arówómọlẹ̀:

Ẹ má sọ 14 tí ẹ yọ nù o. Ẹ fi gíríìsì pa á, kí ẹ wé e sínú ọ̀rá. Bí eyín rẹ̀ bá ṣì gún régé nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra 45, ẹ gbé e wá kí n wò ó, bóyá ẹ ó lè fi owó rẹ̀ ra epo.