Ìwé ilẹ̀ wo ló yẹ ká gbà fún oko ìdílé?

Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Oko ẹ̀gẹ́ àti kaṣú bàbá wa wà lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, àwọn tó ń gé ilẹ̀ tà ní pùlọ́ọ̀tì sì ti dé etí rẹ̀. A fẹ́ tọrọ ìrànwọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, wọ́n ní ká mú ìwé ilẹ̀ wá. A ti wọn ilẹ̀, a ti wọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ẹbí kan ò tíì fọwọ́ sí i (ẹ kúkú mọ ẹbí tówó bá yọjú). Lábẹ́ Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978, ìjọba ìbílẹ̀ lè fúnni níwèé ilẹ̀ oko. Gómìnà náà lè fúnni ní C of O (Certificate of Occupancy, ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀). Èwo ló máa dáàbò bo oko yìí jù? Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.