Iṣẹ́ àṣekún fẹ́ dá wa lágara: ta ni kí a tọ̀ lọ?

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín láti Ògbómọ̀ṣọ́. Awakọ̀ ni mí ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ èrò kan tó ń ná ọ̀nà Ìbàdàn. Láti ìgbà tí awakọ̀ mẹ́rin ti fiṣẹ́ sílẹ̀ láìsí arọ́pò, àwa tó kù ni à ń wakọ̀ lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ Àìkú, bẹ́ẹ̀ ni a kò rí owó àṣekún gbà. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi wákàtí 24, ó kéré tán, láàárín ọjọ́ 7. Nígbà tí mo tọ́ka sí i, ọ̀gá ní ẹni tó bá rẹ̀ kó máa lọ sílé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oorun gbé mi lọ lórí eré nítòsí Ọ̀yọ́ (ariwo èrò iwájú ló jí mi). Ṣé kí gbogbo wa jọ kọ̀wé ni, àbí kí n kọ́kọ́ tọ ẹgbẹ́ awakọ̀ lọ, kí wọ́n má baà fi èmi nìkan jófin?