Awọ ojú ara mi tún yí padà lẹ́yìn tí nǹkan oṣù dúró

Ẹ̀yin obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Láti ọmọ ọdún 38 ni lichen sclerosus, àìsàn awọ kan tó mú mi lójú ara, ti ń bá mi jà. Awọ ibẹ̀ funfun, ó fẹ́lẹ́ bíi bébà, ó sì máa ń yún mi lóru débi pé ọwọ́ mi á ti dé ibẹ̀ kí n tó jí.

Nígbà tí mo ṣì ń rí nǹkan oṣù, ìpara clobetasol (oògùn steroid tó lágbára fún awọ) ló gbà mí. Mo fi í lójoojúmọ́ fún oṣù kan, mo wá ń fo ọjọ́ kan láàárín fún oṣù kejì, lẹ́yìn náà ó di ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Mo pa ọṣẹ tì níbẹ̀ pátápátá.

Nǹkan oṣù ti dúró láti ọdún méjì. Ní báyìí ó gbẹ, ó ń ta mí bí mo bá tọ̀, ìbálòpọ̀ sì ti di ẹkún. Ìyẹn ló dùn mí jù, torí ọkọ mi rò pé mo ń sá fún òun. Dókítà ní estrogen (hómónù obìnrin) tó dín kù ló fa gbígbẹ yẹn, pé ìpara estrogen lè tù mí lára, àmọ́ kò lè rọ́pò clobetasol.

Ta ló ti lo méjèèjì pọ̀? Ṣé ẹ máa ń pín ọjọ́ wọn ni? Báwo lẹ ṣe ṣàlàyé fún ọkọ yín? Mo tún ń fi dígí yẹ ara mi wò lóṣooṣù, torí àìsàn yìí lè di jẹjẹrẹ lára àwọn díẹ̀. Egbò tí kò jinná, ọjọ́ mélòó lẹ máa ń dúró kí ẹ tó padà sọ́dọ̀ dókítà?