Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí Mazda RX-7 mi

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. RX-7 ọdún 1988 kan wà lọ́wọ́ mi ní Àsèrò, l'Ábẹ́òkúta níbí. Ìpẹtà ti mú ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀, ìyẹn ò dẹ́rù bà mí. Panẹbítà mi ní Láfẹ́ńwá á yanjú ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ni wàhálà. 13B ni, kò ní písítìnnì rárá, rótọ̀ onígun mẹ́ta méjì ló ń yí nínú rẹ̀. Tó bá ti gbóná, tí mo bá pa á, kì í sítáàtì mọ́ àfi tó bá tutù. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ rí i pé ó ń jẹ ọ́ìlì, ó ní rìǹgì písítìnnì ti lọ. Rìǹgì písítìnnì wo, nínú ẹ́ńjìnnì tí kò ní písítìnnì? Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ owó mi ti wọgbó. Bí wọ́n ṣe ṣe ẹ́ńjìnnì yìí ni, ó gbọ́dọ̀ jó ọ́ìlì díẹ̀. Ní ti pé kì í sítáàtì tó bá gbóná, síìlì orí igun rótọ̀, tí kì í jẹ́ kí kọ́ńpíréṣọ̀n (ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì) jò, ni mo fura sí.

Ṣé kí n ra síìlì láti òkè òkun, àbí kí n lọ gbé 1UZ, ẹ́ńjìnnì onípísítìnnì ti Lexus, ní Ládípọ̀ sí i? Ọmọ mi fara mọ́ ìkejì. Èmi ò fẹ́ pàdánù ohùn rótọ̀ yẹn. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, báwo lẹ ṣe so gíábọ́ọ̀sì pọ̀? Ta ló sì lè bá mi wọn kọ́ńpíréṣọ̀n rótọ̀ nítòsí?