Òrùlé tó fúyẹ́ tó sì lágbára fún ilé orí táyà: ẹ wá sọ ìrírí yín

Onílé Orí Táyà: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá. Mò ń kọ́ ilé kékeré kan sórí tírélà ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí jíìpù mi á máa fà, ibi témi àtìyàwó lè sùn tá a bá lọ oko lọ́nà Ìgbàjà. Ẹsẹ̀ bàtà 10 ní gígùn, 6 ní ìbú. Fréèmù ògiri ti dúró, òrùlé ló kù. Wẹ́dà tó ń bá mi ṣe é ní páànù irin mílì 1 lòun máa fi bò ó, òun á wá to áńgù áyọ̀nù sábẹ́ ẹ̀. Ọkàn mi ò gbà á. Mo fẹ́ kó fúyẹ́, síbẹ̀ kí n lè gun orí ẹ̀ di ẹrù. Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, kódà kó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù orí táyà, kó jọ̀ọ́ sọ ohun tójú ẹ̀ rí fún wa.

Àbúrò Tankẹ: Irin mílì 1 lórí ilé tẹ́ ẹ máa fi jíìpù fà? Ẹ sá fún un o.

Ìyá Mubárak: Tàpólì lèmi fi ṣe ti ṣọ́ọ̀bù tí mo fi ń ta búrẹ́dì àti wàrà. Àwọn tó ń rán tàpólì tírélà ló bá mi rán an, wọ́n tẹ páìpù bíi mẹ́rin kọjá lórí, wọ́n na tàpólì lé e. Kò wúwo rárá. Ṣé Kẹ̀kẹ́ Márúwá tí gbogbo wa ń wọ̀ ní páànù lórí ni? Àmọ́ o, ẹ ò lè gùn ún, ooru oṣù kẹta ní Ìlọrin á sì dà yín láàmú nínú ẹ̀.

Kápẹ́ńtà Àjàṣẹ́: Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Òrùlé 10 sí 6, irin mílì 1 tó bá bò ó á sún mọ́ kìlò 44, áńgù ò tíì dé ibẹ̀ o. Àlúmíníọ̀mù mílì 0.55 tí wọ́n fi ń kanlé, kìlò 8 àti díẹ̀ ló máa jẹ́. Ẹrù tó wà lókè ló ń bi tírélà ṣubú. Mo rí ọ̀kan lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tẹ̀lé Hilux, wọ́n di gbogbo ẹrù sórí ẹ̀, tánkà kan wá ré kọjá lára wọn, atẹ́gùn tánkà yẹn ló mú un, ó fì sọ́tùn-ún fì sósì títí dírẹ́bà fi rá wọ inú koríko. Ọlọ́run ló yọ wọ́n.

Wẹ́dà Gaa-Akanbi: Ẹ má sọ gbogbo wẹ́dà di ọ̀tá o. Irin ò níṣòro, bí wọ́n ṣe lò ó ni. Èmi á mú súkúwéà páìpù ínṣì 1 tó tínrín, mà á tẹ̀ ẹ́ kí àárín ẹ̀ ga ju etí lọ ní ínṣì 3, mà á to wọn láti iwájú dé ẹ̀yìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ síra. Páìpù tó bá gbé ẹ̀yìn sókè báyẹn, á lágbára ju èyí tó tẹ́ pẹlẹbẹ lọ, omi ò sì ní dúró lórí ẹ̀. Òrùlé pẹlẹbẹ lọ̀tá. Àlúmíníọ̀mù ni kẹ́ ẹ tẹ́ lé e, ṣùgbọ́n ẹ gé tíúbù ọ̀kadà sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín páìpù àti páànù, torí bí irin àti àlúmíníọ̀mù bá fara kan ara tí omi òjò wà níbẹ̀, àlúmíníọ̀mù ló ń jẹ. Páànù iwájú ni kó gun orí ti ẹ̀yìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ atẹ́gùn á bá abẹ́ ẹ̀ wọlé tẹ́ ẹ bá ń sáré.

Onílé Orí Táyà: Ọ̀gá wẹ́dà, ẹ ṣeun gan-an. Ti tíúbù yẹn, ẹnì kankan ò sọ ọ́ fún mi rí.

Ọmọ Ìjàkadì: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi kí ẹlòmíì má bàa kó sí i. Mo ní kí wọ́n bá mi ṣe òrùlé onípele, pláíwúùdù tínrín nísàlẹ̀, fómù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n láàárín, fáíbà lókè, ìyẹn aṣọ onígíláàsì tí wọ́n ń fi rẹ́síìnì, ohun olómi tó ń gan bíi gúlù, lẹ̀ mọ́ nǹkan. Ẹni tó ní òun mọ fáíbà ṣe, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ó po rẹ́síìnì tán ó dà á sórí fómù náà lójú mi. Ká tó wí ká tó fọ̀, fómù ti ń hó ṣìrìṣìrì, ó ń lu ihò, ihò náà ń fẹ̀, nígbà tí mo fi máa ké ó ti yọ́ kan pláíwúùdù ìsàlẹ̀. Òórùn ẹ̀ gba gbogbo àgbàlá. Ó ní oòrùn ló fà á, pé ká tún fómù míì rà. Kò dá kọ́bọ̀ padà fún mi dòní olónìí.

Ìyá Mubárak: Haa! Ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Àbúrò Tankẹ: Ó ní oòrùn! Wàláì.

Alhaji Oníkọ́ńtéínà: Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹ bá a wọ̀yá ìjà kó kó owó yín sílẹ̀ 😂

Ọmọ Ìjàkadì: Alhaji, ó ti kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ta ni mo fẹ́ bá jà?

Kápẹ́ńtà Àjàṣẹ́: Kì í ṣe oòrùn. Rẹ́síìnì poliẹ́sítà tó pọ̀ lọ́jà yìí, ohun tí wọ́n fi pò ó ń yọ́ fómù funfun, bí pẹtiróòlù ṣe ń yọ́ ọ náà nìyẹn. Gúlù tí àwọn aṣebàtà ń lò máa ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú. Ẹpọ́síì, ìyẹn rẹ́síìnì oríṣi míì, kì í fọwọ́ kàn án, ó kàn wọ́n. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ dà lé fómù, ẹ kọ́kọ́ kán an sórí àfọ́kù ẹ̀ kan kẹ́ ẹ dúró wò.

Àbúrò Tankẹ: Mi ò gba èyí o. Ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi fáíbà ṣe, ṣebí fómù wà nínú ẹ̀?

Kápẹ́ńtà Àjàṣẹ́: Fómù tiwọn yàtọ̀ sí ti inú páálí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ wo fómù yẹ́lò tó wà nínú ara fíríísà, poliẹ́sítà kì í yọ́ ìyẹn. Ẹni tó bá sì ń lo fómù funfun, kó máà fi fáíbà sí i rárá, kó fi pláíwúùdù mílì 3 sókè àti sísàlẹ̀, kó lò gúlù igi. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ò ní ju kìlò 25 lọ púpọ̀ fún òrùlé yín yẹn. Inú pláíwúùdù méjèèjì lagbára ẹ̀ wà o, kì í ṣe inú fómù. Téèyàn bá gùn ún, ti òkè ń fún pọ̀, ti ìsàlẹ̀ ń fà, fómù ló ń ya wọ́n sọ́tọ̀ kí wọ́n má bàa tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gúlù ò fi gbọ́dọ̀ fo ibì kankan. Ibi tó bá fò, ibẹ̀ ló máa wú. Ẹ di í mọ́lẹ̀ dáadáa títí á fi gbẹ, ó sì ń pẹ́ gbẹ nínú fómù.

Alhaji Oníkọ́ńtéínà: Kí ló dé tí ẹ̀ ń da ara yín láàmú? Ẹ lọ Sawmill, ẹ ra igi arère, ó fúyẹ́, ẹ fi ṣe igi àjà, ẹ kan páànù lé e.

Wẹ́dà Gaa-Akanbi: Arère kẹ̀! Kòkòrò á jẹ ẹ́ tán.

Alhaji Oníkọ́ńtéínà: Ìkán wo ló máa gun táyà?

Wẹ́dà Gaa-Akanbi: Kòkòrò tó ń lu igi ń fò, Alhaji. Omi náà tún wà níbẹ̀, arère ò lè gba omi. Afárá sàn.

Alhaji Oníkọ́ńtéínà: Afárá wúwo jù ú lọ. Ẹ fi sólígínọ́ọ̀mù, òògùn kòkòrò igi, kun arère, ó parí.

Kápẹ́ńtà Àjàṣẹ́: Àwọn méjèèjì dára tí omi ò bá ti wọlé. Alhaji, tẹ́ ẹ bá lo igi, ẹ fi bóòtù so ó mọ́ fréèmù ògiri. Ìṣó nìkan ò tó. Ìjì àkọ́rọ̀ òjò tó ń ṣí òrùlé ilé ìwé kúrò lórí búlọ́ọ̀kù, kí ni ìṣó máa ṣe fún un?

Ìyá Mubárak: Ẹ jọ̀ọ́, lásìkò tá a wà yìí, ẹ̀yin lè sùn lóko nínú ilé pláíwúùdù?

Onílé Orí Táyà: Ìyá Mubárak, oko náà ní ọgbà, ọdẹ wà níbẹ̀, ilé àwọn ìbátan wa ò sì jìnnà. Mo ti rí i báyìí, páìpù tó gbé ẹ̀yìn ni mo máa lò, àlúmíníọ̀mù lókè, fómù àti pláíwúùdù tínrín nísàlẹ̀ nítorí ooru. Mà á kun orí ẹ̀ ní funfun.

Wẹ́dà Gaa-Akanbi: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gun orí ẹ̀, ẹ tẹ́ pákó kọjá páìpù méjì kẹ́ ẹ tó kúnlẹ̀, ẹ má fi gìgísẹ̀ tẹ àlúmíníọ̀mù, á tẹ̀ wọnú.

Ọmọ Ìjàkadì: Fómù fíríísà yẹn ló kù tí mò ń rò. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ń kó fíríísà tó ti bàjẹ́ sí?

Ìyá Mubárak: Ọ̀kan wà lẹ́yìnkùlé mi, mo ti ń wá ẹni tó máa gbé e kúrò. Ẹ wá, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ mú ẹni tó máa bá yín gbé e dání o.